Obìnrin Mùsùlùmí Nínú Ìròyìn: Ohun Tí Wọ́n Ń Sọ Nípa Wa àti Ohun Tí A Ń Sọ Fúnra Wa

Láti ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan sí i, wọ́n fún mi láyè láti yan ohun tó bá wù mí. Mo yan ọ̀rọ̀ àwòrán tí ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣàn àti fíìmù ń yà nípa obìnrin Mùsùlùmí, àti bí àwọn obìnrin náà ṣe ń fi ara wọn hàn fún ayé. Ìdí méjì ni mo fi yan án. Èkíní, obìnrin Mùsùlùmí ni mí, mo sì lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ níbi tí a ti ń bá àwọn akọ̀ròyìn da nǹkan pọ̀. Èkejì, ìlú Jos tí a ń gbé yìí jẹ́ ìlú tí ènìyàn ti máa ń wo aṣọ lára ẹni, tí yóò ti pinnu ẹ̀yà àti ẹ̀sìn rẹ̀ kí onítọ̀hún tó la ẹnu. Ní ọjọ́ tí ìlú bá dàrú, irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Ẹgbẹ́ wa ní Mùsùlùmí, ó sì ní Kìrìsìtẹ́nì. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa.

KÍ NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ DÁ LÉ?

Àwọn àgbà wa ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá rí alángbá kan tí inú ń run, tó wá kéde pé inú ń run gbogbo alángbá, kò ṣe ìwádìí. Ohun tí mo ń bá wí nìyẹn: kí a mú ìṣe ẹnì kan, tàbí ìyà tó jẹ ẹnì kan, kí a fi ṣe àńkóò fún gbogbo ẹni tó bá jọ ọ́. Àńkóò tí a dá fúnra wa ń buyì kún òde. Èyí tí ẹlòmíràn lọ rán láìwọn ara wa kò lè bá wa mu.

Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo ìròyìn àti fíìmù, àwòrán mẹ́ta ni ẹ ó máa rí léraléra.

Èkíní ni obìnrin tí wọ́n ń jẹ níyà. Ó bo orí, ó tẹ orí ba, ó gbé ọmọ lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ tàbí adájọ́ ló ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ wá gbà á là.

Èkejì ni obìnrin tó ń bani lẹ́rù. Ó wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, a kò mọ ohun tó gbé pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí Boko Haram bẹ̀rẹ̀ sí í fi obìnrin gbé àdó olóró, ni àwòrán yìí ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀kẹta ti ilé wa ni. Òun ni Àlùhájà inú fíìmù Yorùbá: eyín góòlù, ẹnu bí abẹ, owó rẹpẹtẹ, àti àfáà lẹ́yìn ilé tó ń bá a wá ohun tí yóò fi lé orogún jáde. Ẹ̀rín ni a máa ń rín sí èyí, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń wo ẹ̀rín yẹn láti kékeré yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Àlùhájà rí.

N kò sọ pé irọ́ ni ìyà tó ń jẹ obìnrin. Ní ìlú Jos níbí, ní ilé ìwòsàn Evangel tó ti di ilé ìwòsàn ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bingham, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn obìnrin ti ń wá fún iṣẹ́ abẹ àìsàn tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè mú ìtọ̀ dúró lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́ jù. Ẹni tó bá ti rí wọn kò ní sọ pé oníròyìn ló dá ìyà wọn sílẹ̀. Mùsùlùmí wà nínú wọn, Kìrìsìtẹ́nì wà nínú wọn. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni òṣì, ìgbéyàwó ní kékeré àti ilé ìwòsàn tó jìnnà. Nígbà tí ìròyìn bá fi híjáàbù nìkan ṣe àlàyé àìsàn wọn, ó ti fi ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe pamọ́ sábẹ́ híjáàbù náà.

IBO NI ÀWÒRÁN WỌ̀NYÍ TI Ń WÁ?

Ẹni tí kò bá mọ bí ìròyìn ṣe ń di ìròyìn yóò rò pé ìkórìíra lásán ló fà á. Ìkórìíra wà, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ohun kìíní ni àkókò. Akọ̀ròyìn gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ta ni nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Agbẹnusọ ọlọ́pàá, alága ìjọba ìbílẹ̀, ìmáàmù, akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọkùnrin ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tilẹ̀ jẹ́ ti obìnrin, ẹnu ọkùnrin ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ohun kejì ni fọ́tò. Olóòtú kò ní fọ́tò ẹni tí ìròyìn ń sọ nípa rẹ̀, yóò sì lọ mú èyí tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: obìnrin kan tó wọ híjáàbù, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tí a kò mọ ìlú tí wọ́n ti yà á. Wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìròyìn ìjà, ìyàn tàbí ìpànìyàn.

Ohun kẹta ni ibi tí ilé iṣẹ́ ìròyìn wà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ńlá wa, Èkó ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n. Ìhà Àríwá ní New Nigerian ní Kàdúná láti ọdún 1966, Jos ní Nigeria Standard láti ọdún 1972, Daily Trust sì dé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn tó ń kọ nípa obìnrin Àríwá kò gbọ́ èdè tí obìnrin náà ń sọ. Àwa obìnrin Mùsùlùmí Yorùbá wá bọ́ sí àárín méjì. Ní Èkó, wọ́n ń kà wá mọ́ Yorùbá, wọn kì í bi wá ní nǹkan kan nípa ẹ̀sìn. Ní Àríwá, bí a bá ti bo orí, wọ́n ti kà wá mọ́ Haúsá.

Ohun kẹrin ni ohun tí ayé lókè òkun ń fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ gbígba obìnrin Mùsùlùmí là di ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí wọ́n ń sọ fún ogun Afghanistan. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Laura Bush, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fi odindi ọ̀rọ̀ orí rédíò kan sọ nípa àwọn obìnrin Afghanistan. Ní ọdún 2002, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Lila Abu-Lughod kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi bèèrè bóyá lóòótọ́ ni obìnrin Mùsùlùmí nílò kí a wá gba àwọn là. Kò sọ pé ìyà kò jẹ wọ́n. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó ń fẹ́.

Èmi náà rí tèmi. Ní ọdún kan tí a ń ṣe ìpolongo abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọdé, akọ̀ròyìn kan wá bá mi ní ọ́fíìsì. Mo ṣàlàyé fún un fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: iye abúlé tí a dé, ìdí tí àwọn ìyá kan fi ń sá, bí a ṣe ń fi àwọn ìyá àgbà bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn náà jáde, fọ́tò mi wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé obìnrin kan tó bo orí wà níbi ìpolongo náà. Orúkọ mi kò sí, ipò mi kò sí, ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò sí. Ọ̀gá mi ọkùnrin, tí kò bá wa dé abúlé kankan, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde.

Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ NÍNÚ ẸJỌ́ AMINA LAWAL

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó, ẹjọ́ Amina Lawal ni kí ó yẹ̀ wò. Láti ọdún 2000, ìpínlẹ̀ méjìlá ní Àríwá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin Ṣàríà ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, Zamfara ló ṣíwájú wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, ilé ẹjọ́ Ṣàríà kan ní Bakori, Ìpínlẹ̀ Katsina, dá Amina Lawal lẹ́bi sìná nítorí pé ó bímọ lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ́ lókò pa. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kan pẹ̀lú rẹ̀ ní òun kọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ Ṣàríà tó ju ìyẹn lọ ní Funtua fọwọ́ sí ìdájọ́ náà.

Ariwo gba ayé kan. Fọ́tò Amina tó bo orí tó gbé ọmọ rẹ̀ Wasila dání wọ gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè títí di òní, wọn yóò ní ariwo òyìnbó ló gbà á sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, obìnrin Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Hauwa Ibrahim, agbẹjọ́rò obìnrin láti Ìpínlẹ̀ Gombe, wà lára àwọn tó gba ẹjọ́ náà rò. Àjọ BAOBAB, tí Ayesha Imam wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1996, wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ míràn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2003, BAOBAB ṣe ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo ayé pé kí wọ́n dẹ́kun fífi lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kan tó ń káàkiri ránṣẹ́. Lẹ́tà náà ń sọ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ikú Amina, àti pé ọjọ́ 3, oṣù kẹfà ni wọn yóò pa á. Irọ́ ni. Ẹjọ́ náà kò tíì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ rárá. BAOBAB ṣàlàyé pé ìròyìn èké lè ba ẹjọ́ jẹ́, pé ó lè mú kí àwọn tó wà nídìí agbára fi orí kunkun, pé pípe Mùsùlùmí àti ọmọ Áfíríkà ní ẹhànnà kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àti pé inú òfin fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ wà. Wọn kì í ṣe aláìmọ̀kan. Wọ́n ti rí i ní Zamfara ní oṣù kìíní ọdún 2001, nígbà tí wọ́n na ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Bariya Magazu, ní ọgọ́rùn-ún pàṣán bí lẹ́tà ṣe ń rọ̀ wọlé láti òkè òkun.

Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003, ilé ẹjọ́ Ṣàríà kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìpínlẹ̀ Katsina dá Amina sílẹ̀. Mẹ́rin nínú adájọ́ márùn-ún ló gbà bẹ́ẹ̀. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé adájọ́ kan ṣoṣo ló jókòó ní Bakori nígbà tí òfin ní kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta, àti pé wọn kò ṣàlàyé ẹ̀sùn náà fún un dáadáa kí wọ́n tó gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Inú òfin Ṣàríà ni wọ́n ti rí gbogbo èyí. Ní ọdún 2005, Hauwa Ibrahim wà lára àwọn tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Yúróòpù fún ní àmì ẹ̀yẹ Sakharov.

Àwọn Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ayé gbọ́ ti adájọ́ Bakori, ayé gbọ́ ti àwọn tó ń ké lókè òkun. Obìnrin tó gbé ìwé òfin dání, tó ń bá adájọ́ sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀ àti nínú ẹ̀sìn rẹ̀, díẹ̀ ni ayé gbọ́ nínú tirẹ̀. Òun ló sì ja àjàṣẹ́gun.

A KÒ DÁKẸ́ RÍ

Àwọn kan rò pé òde òní ni obìnrin Mùsùlùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Nana Asma'u, ọmọ Ṣéù Usman dan Fodio, tí wọ́n bí ní ọdún 1793 tó sì kú ní ọdún 1864, kọ ewì ní èdè Fúlàní, Haúsá àti Lárúbáwá. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Yan Taru, tí àwọn obìnrin olùkọ́ ń ti abúlé dé abúlé kọ́ obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn. Nígbà tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kò tíì sí ìwé ìròyìn kankan ní ilẹ̀ yìí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a rántí Àlùhájà Humuani Alága ti Ìbàdàn, oníṣòwò aṣọ. Ní ọdún 1958, òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè rí ilé ìwé lọ láìfi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Owó ọjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1964, ilé ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin Isabatudeen ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ fi èyí wé Àlùhájà inú fíìmù tó ń náwó sí ọwọ́ àfáà.

Ẹ má gbàgbé wákà. Inú orin tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí ń kọ níbi wólímọ̀, ìgbéyàwó àti ìpàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé ni ó ti wá. Bátílì Àlàkẹ́ gbé e dé orí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní ọdún 1976, Sàláwà Àbẹ̀ní, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan ń bá orílẹ̀-èdè ṣọ̀fọ̀ ní èdè Yorùbá, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn obìnrin Haúsá náà kọ ìwé. Hafsat Abdulwaheed gbé So Aljannar Duniya jáde ní ọdún 1980. Balaraba Ramat Yakubu ti Kánò, tí wọ́n fún lọ́kọ ní kékeré, kọ ìtàn nípa ohun tí ojú obìnrin ń rí nínú ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe àríwísí àṣà ìlú rẹ̀, láti inú ìlú náà wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìṣòro obìnrin Haúsá, ìwé wọn ni kí ó kà kí ó tó ka ti àlejò.

Ní ọdún 1985, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Mùsùlùmí láti ìhà gbogbo pàdé ní Minna, wọ́n sì dá àpapọ̀ wọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí FOMWAN. Aisha Lemu, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba Ìsìláàmù tó sì di ará Minna, ni Amírà àkọ́kọ́. Àlùhájà Lateefa Okunnu, ọmọ Yorùbá tó ti ṣe igbákejì gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó rí, ló tẹ̀lé e. Wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn, The Muslim Woman. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹnì kan kò bá ní ibi tí yóò ti sọ tirẹ̀, ẹlòmíràn yóò máa bá a sọ ọ́.

Lára àwọn tó dá FOMWAN sílẹ̀ ni Hajiya Bilkisu Yusuf, ọmọ Kánò. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ní Àríwá, ní Sunday Triumph ti Kánò, kí ó tó lọ sí New Nigerian àti Citizen ní Kàdúná. Ó bo orí, ó sì ń bi gómìnà ní ìbéèrè. Ó ń kọ nípa ìlera ìyá àti ọmọ, nípa ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, nípa owó ìlú. Ó kú níbi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ Mínà lẹ́nu iṣẹ́ Háájì, ní ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015. Kí Ọlọ́run foríjìn ín.

HÍJÁÀBÙ KAN, ÌTUMỌ̀ PÚPỌ̀

Ìròyìn máa ń fi híjáàbù ṣe ìtumọ̀ kan ṣoṣo: pé ẹnì kan ló fi ipá dé e lé obìnrin lórí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn tó wọ̀ ọ́ ń sọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Firdaus Amasa, tó kàwé òfin ní Yunifásítì Ìlọrin, kọ̀ láti ṣí híjáàbù tó wà lábẹ́ wíìgì agbẹjọ́rò rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ó wọlé síbi tí wọ́n ti ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ òfin ní Àbújá. Ní oṣù keje ọdún 2018, wọ́n pè é, híjáàbù sì wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Adájọ́ márùn-ún nínú méje ló fara mọ́ ọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, fọ́tò Aisha Yesufu, ọmọ Ìpínlẹ̀ Edo tó dàgbà ní Kánò, káàkiri ayé níbi ìwọ́de lòdì sí ìwà ọlọ́pàá SARS ní Àbújá. Híjáàbù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó na ẹ̀ṣẹ́ sókè. Òun kan náà ló wà níwájú láti ọdún 2014 nígbà tí a ń béèrè fún àwọn ọmọbìnrin Chibok, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ìwọ́de yẹn kì í ṣe ti ẹ̀sìn, ti ọmọ ìlú ni.

Obìnrin Mùsùlùmí tí kò wọ híjáàbù náà wà, tó ń wé gèlè bíi ti ìyá mi. Ẹlẹ́hàá wà. Ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ máa fi ara rẹ̀ ṣe agbẹnusọ fún èkejì. Àwa fúnra wa ń ṣe ohun tí oníròyìn ń ṣe bí a bá ń fi ìwọ̀n aṣọ díwọ̀n ìgbàgbọ́ ara wa. Ẹ̀yin ọkùnrin wa pẹ̀lú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa dáhùn fún wa nígbà tí a bá wà níbẹ̀.

BÍ Ó ṢE KÀN WÁ NÍ JOS

Àwọn bàbá àti ìyá wa ti wà ní ìlú yìí láti ìgbà iṣẹ́ kùsà àti ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ìyá wa ta aṣọ, wọ́n ta obì, wọ́n ní ìsọ̀ ní ọjà ńlá kí iná tó jó o ní ọdún 2002. Lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àti ti oṣù kọkànlá ọdún 2008, àti ti ọdún 2010, ìlú pín sí méjì. Aṣọ wá di páálí ìdánimọ̀. Obìnrin Yorùbá tó wọ híjáàbù ń bẹ̀rù láti gba àdúgbò kan, obìnrin Yorùbá tó so àgbélébùú mọ́ ọrùn ń bẹ̀rù láti gba òmíràn. Ìyá kan náà lè bí àwọn méjèèjì.

Nígbà tí àdó olóró bú ní Terminus ní ọjọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 2014, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú, oníṣòwò àti ọlọ́jà. Ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé e wá, kì í ṣe abẹ́ híjáàbù. Síbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wa ròyìn fún mi pé láti ìgbà náà ni àwọn èrò ọkọ̀ ti ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ibi iṣẹ́ kan. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni bóyá yóò lè ṣí orí, kí wọ́n tó wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọmọ náà gba ipò kejì tó ga nínú ìmọ̀ ìṣirò owó. Ó padà sílé, kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ohun tí àwòrán tí kò tọ̀nà ń ṣe nìyẹn: kì í pariwo, ó kàn ń ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ìlú yìí kan náà ló tún fi ọ̀nà míràn hàn wá. Ní ọdún 2010, lẹ́yìn ìpànìyàn Dogo Nahawa, Pásítọ̀ Esther Ibanga àti Hajiya Khadija Gambo Hawaja, Kìrìsìtẹ́nì kan àti Mùsùlùmí kan, fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n sì kó obìnrin ẹ̀yà gbogbo jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Women Without Walls. Ní ọdún 2015, wọ́n fún Pásítọ̀ Ibanga ní ẹ̀bùn àlàáfíà Niwano ti ilẹ̀ Japan. Ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá wọ́n ti gbọ́ orúkọ àwọn obìnrin méjèèjì rí. Ìròyìn ìjà ni wọ́n mọ̀ sórí.

KÍ NI ṢÍṢE?

1. Kí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Nínú ìwé ètò bí irú èyí, a máa ń kọ "ìyàwó Olóyè Lágbájá" sábẹ́ fọ́tò obìnrin. Ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀.

2. Kí ẹgbẹ́ yan obìnrin méjì, Mùsùlùmí kan àti Kìrìsìtẹ́nì kan, gẹ́gẹ́ bí agbẹnusọ, kí a sì kó nọ́ńbà wọn fún àwọn ilé iṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣàn àti ìwé ìròyìn ní Jos. Akọ̀ròyìn tó ń sáré yóò pe ẹni tó bá tètè rí.

3. Bí ìròyìn kan bá ṣe wá ní àbùkù, kí a fèsì láàárín ọjọ́ méjì, ní ṣókí, pẹ̀lú ẹ̀rí, láìsí èébú. Ohun tí BAOBAB ṣe ní ọdún 2003 nìyẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

4. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta àtaré fọ́tò tàbí fídíò lórí fóònù láìkọ́kọ́ bèèrè: Ta nìyí? Níbo ni? Ọjọ́ wo ni? Ní Jos, fọ́tò ìlú míràn lè dá ìjà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

5. Kí a gba ohùn àwọn ìyá àgbà wa sílẹ̀, ní Yorùbá, nípa ìrìnàjò wọn wá sí ìlú yìí àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Díẹ̀ ló kù nínú wọn.

6. Kí àwọn ọmọbìnrin wa kọ́ iṣẹ́ ìròyìn àti iṣẹ́ fíìmù. A kò lè máa bínú sí ẹni tó di kámẹ́rà mú títí ayé láìbá a di í mú.

7. Nígbà tí wọ́n bá ń bú Mùsùlùmí níbi tí Mùsùlùmí kò sí, kí Kìrìsìtẹ́nì wa sọ̀rọ̀. Kí Mùsùlùmí wa náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Kìrìsìtẹ́nì.

Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi parí sí. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ìwé tí ẹ kà, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ìgbàgbọ́ tí ẹ dì mú, ẹ̀yin ni ẹ mọ ìtàn rẹ̀ jù. Ẹ sọ ọ́ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ẹ sọ ọ́ ní òtítọ́, ẹ má fi ibi tó ń dunni pamọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àlàáfíà jọba ní Jos àti ní Ìpínlẹ̀ Plateau, kí ó sì máa mú ẹgbẹ́ wa tẹ̀ síwájú. Àmín.